Irin Tó Léfòó

Wọ́n ní irin kì í lúwẹ̀ẹ́.
Gbogbo Gainsborough ló gbà bẹ́ẹ̀
lọ́dún tí Jabez, bàbá tó bí bàbá mi, pé ọmọ ọdún mọ́kànlá,
tí ọkọ̀ onírin dùbúlẹ̀ sétí odò Trent
bí ẹja tí wọ́n là nínú, tí egungun ìhà rẹ̀ ń wo òjò.

Ọwọ́ àgbàlagbà ò wọ akèrègbè;
kíkéré ara rẹ̀ ni wọ́n fi gbà á síṣẹ́.
Inú ọkọ̀ ló ń rá sí, á fi òòlù ti ìdí ìṣó gbígbóná
kí àwọn tó wà níta lè máa lu orí rẹ̀: gbà! gbà! gbà!
láti ìdájí títí di ìgbà tí fìtílà bá rẹ̀.
Ìṣó ẹgbẹ̀rún méjìlá. Ó ní òun kà wọ́n.
Èmi ò mọ̀ bóyá ó kà wọ́n.
Ohun tí mo mọ̀ ni pé kó tó pé mẹ́rìnlá
etí òsì rẹ̀ ti kú, ọ̀tún ń kú lọ.

Lọ́jọ́ tí wọ́n máa tì í sódò,
opó Ullathorne tó ń ta búrẹ́dì gun àpótí, ó figbe ta:
“Ẹ wo owó tó fẹ́ rì! Ẹ wo owó olówó!”
Ẹnjiníà ò dá a lóhùn.
Ó gba ìkòkò irin tó wà lọ́wọ́ rẹ̀, ó gbé e lé omi.
Ìkòkò yí lẹ́ẹ̀mejì, ó fìdí lélẹ̀ jẹ́jẹ́ bí ìyàwó àṣẹ̀ṣẹ̀gbé,
ó sì bá odò lọ.
Opó náà béèrè owó ìkòkò rẹ̀ títí ó fi kú.

Ìfaradà ni wọ́n sọ ọkọ̀ náà.
Kẹ̀kẹ́ alájẹ̀ lọ́tùn-ún, kẹ̀kẹ́ alájẹ̀ lósì,
á gbéra pẹ̀lú omi tó ń fà,
á dé Hull kí ọbẹ̀ alẹ́ tó jinná.
Ṣílè méjì fún ẹni tó fẹ́ àga onítìmùtìmù,
ṣílè kan fún ẹni tó lè fara da pẹ́pẹ́yẹ ẹlòmíràn.
Níbi tí èbúté ò bá sí, á dúró láàárín odò,
ọkọ̀ pẹ́ńpẹ́ á wá gbà ọ́,
ìwọ, ẹrù rẹ, àti ìbẹ̀rù rẹ.

Ìgbì kan wà tí wọ́n ń pè ní Íígà,
tó máa ń ti òkun gòkè wá bí odi tó ń rìn.
Ó pàdé rẹ̀ níbi tí odò ti tẹ̀ bí ìgbọ̀nwọ́.
Àwọn ọkọ̀ onígi sá wọ inú koríko.
Ìfaradà forí sọ ọ́.
Ó dún bí agogo ńlá; pẹ́pẹ́yẹ fò,
aago ògiri tí obìnrin kan gbé mọ́ àyà lù mẹ́tàlá,
ṣùgbọ́n ìṣó kan ṣoṣo ò já.
Jabez, tó ti di adáná ibẹ̀ nígbà náà, kò gbọ́ nǹkan kan.
Àtẹ́lẹsẹ̀ ló fi gbọ́.

Kì í ṣe odò ló pa á. Rélùwéè ni.
Irin pa irin: ọ̀nà tààrà, kò sí Íígà, kò sí pẹ́pẹ́yẹ.
Mọ́ńdè kan, èrò méje.
Mọ́ńdè tó tẹ̀ lé e, mẹ́ta,
ọ̀kan nínú wọn sì ṣi ọkọ̀ wọ̀ ni.
Wọ́n yọ ẹ̀rọ inú rẹ̀, wọ́n rọ èédú sí i,
nígbà tó yá wọ́n gé e, wọ́n fi òṣùwọ̀n tà á.

Àgbẹ̀ kan ládùúgbò wa ra irin pẹlẹbẹ mẹ́rin,
ó fi ṣe afárá màlúù sórí kòtò oko.
Ọmọ ọdún mẹ́fà ni mí nígbà tí bàbá àgbà mú mi débẹ̀.
Ó bọ́ bàtà. Ó ní kí n bọ́ tèmi.
Màlúù ń kọjá níwájú wa lọ́kọ̀ọ̀kan,
irin náà ń gbọ̀n, ó ń ti gìgísẹ̀ wa gòkè.
“Ṣé o gbọ́?”
Mo ní mo gbọ́.
Ó wo ètè mi dáadáa kó tó gbà.